Igún Rüppell

Igún Rüppell (orúkọ sáyẹ́ǹsì: Gyps rueppelli) jẹ́ ẹyẹ ńlá kan nínú ìran àwọn igún ilẹ̀ Áfíríkà. Òun ni ẹyẹ tí àkọsílẹ̀ fi hàn pé ó fò ga jù lọ láyé. Orúkọ Eduard Rüppell, onímọ̀ nípa ẹ̀dá ará Jámánì, ni wọ́n fi sọ ọ́.

Agbègbè Sàhẹ́lì ni ẹyẹ yìí ń gbé, láti Senegal títí dé Ẹtiópíà, ó sì wà ní Kẹ́ńyà àti Tànsáníà. Orí àpáta gíga ni ó ń pa ìtẹ́ sí. Bí ó bá na ìyẹ́ apá rẹ̀ méjèèjì, wọ́n fẹ̀ tó mítà 2.3 sí 2.5. Kì í ṣe òun ni igún kékeré (Necrosyrtes monachus) tí ó máa ń pọ̀ ní ibi ìpẹran ní àwọn ìlú Nàìjíríà tẹ́lẹ̀.

Ìṣẹ̀lẹ̀ ọdún 1973

Ní ọjọ́ 29 oṣù Kọkànlá ọdún 1973, bàálù kan kọlu ẹyẹ kan lókè Abidjan, ní Côte d'Ivoire, ní gíga ẹsẹ̀ bàtà 37,000, ìyẹn nǹkan bíi mítà 11,300. Ẹ́ńjìnnì kan bàjẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi ní láti pa á, ṣùgbọ́n bàálù náà balẹ̀ láyọ̀. Ìyẹ́ díẹ̀ ni ó ṣẹ́kù lára ẹyẹ náà. Roxie Laybourne, ní mùsíọ́ọ̀mù Smithsonian ní Washington, ni ó yẹ̀ wọ́n wò, tí ó sì mọ̀ wọ́n sí ti igún Rüppell.

Ìlú Ìlọrin wà ní nǹkan bíi mítà 300 lókè ìpele òkun. Òkè Everest fúnra rẹ̀ kò ju mítà 8,849 lọ. Igún yìí kì í sábà kọjá mítà 6,000, nítorí náà ìṣẹ̀lẹ̀ kan ṣoṣo yìí kò tó láti fi sọ pé àṣà rẹ̀ ni. Ní gíga bẹ́ẹ̀, ìfúnpá afẹ́fẹ́ kò tó ìdá kan nínú mẹ́rin ti ìpele òkun, ènìyàn tí kò ní ẹ̀rọ ọ́síjìn yóò sì dákú láìpẹ́. Oríṣi hẹmoglóbíìnì tí ó wà nínú ẹ̀jẹ̀ igún náà, tí ó ń di ọ́síjìn mú ṣinṣin, ni ó ń ràn án lọ́wọ́.

Ewu ìparun

Láti ọdún 2015 ni àjọ IUCN ti kà á mọ́ àwọn ẹ̀dá tí ó wà nínú ewu ìparun tí ó le jù lọ. Májèlé tí àwọn darandaran ń fi sínú òkú ẹran nítorí kìnnìún àti ìkookò ń pa á. Wọ́n sì ń ta orí àti ẹ̀yà ara rẹ̀ fún oògùn, ní Nàìjíríà pàápàá. Ẹyin kan ṣoṣo ni ó ń yé lẹ́ẹ̀kan.