Bí, Tó àti Jù: Ìtàn Ìfiwéra Nínú Èdè Gẹ̀ẹ́sì àti Èdè Wa

Àwọn àgbà a máa wí pé, "Bí ọmọdé bá ní aṣọ tó àgbà, kò lè ní àkísà tó àgbà." Púpọ̀ nínú wa ni ó ti fi òwe yìí bá ọmọ wí, ṣùgbọ́n díẹ̀ ni ó ti dúró láti yẹ ọ̀rọ̀ kékeré nì, "tó", wò, kí ó sì bèèrè irú iṣẹ́ tí ó ń ṣe níbẹ̀. Ìtàn rẹ̀ àti ti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ni a fẹ́ sọ lónìí, fún àǹfààní àwọn olùkọ́ àti àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ wa.

Ohun tí ó mú wa kọ ọ́ nìyí. Ní ilé-ẹ̀kọ́ ìjọ kan ní ilẹ̀ Ìkálẹ̀, níbi tí a ti ń kọ́ni ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, ọmọdékùnrin kan kọ àròkọ Gẹ̀ẹ́sì nípa ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ó kọ ọ́ báyìí pé, "My brother tall pass me." A fi tàdáwà pupa fa ìlà sí i nídìí, a kà á sókè sí etí gbogbo kíláàsì, wọ́n sì fi ọmọ náà rẹ́rìn-ín. Láti ọjọ́ náà, ọmọ tí ó máa ń nawọ́ sókè ṣáájú gbogbo ẹgbẹ́ rẹ̀ kò nawọ́ mọ́. Ó pẹ́ kí a tó mọ̀ pé àwa gan-an ni a kò lóye ohun tí ọmọ náà ṣe.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo èdè Gẹ̀ẹ́sì fúnra rẹ̀. Bí ẹni tí ń sọ ọ́ bá fẹ́ fi ohun méjì wéra, ọ̀rọ̀ àpèjúwe ni í yí padà: "tall" a di "taller", a sì di "tallest". Bí ohun méjèèjì bá dọ́gba, a fi "as" ṣáájú, a sì tún fi "as" tẹ̀lé e: "as tall as". Ọ̀rọ̀ "as" yìí kò kúrú báyìí ní ìpilẹ̀ṣẹ̀. Ní nǹkan bí 1000 ọdún sẹ́yìn, "eallswa" ni wọ́n ń pè é, ìtumọ̀ rẹ̀ sì ni "bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́". Bí a ti ń lò ó lójoojúmọ́ ni ó ń kúrú sí i, títí ó fi di "as". Ọ̀rọ̀ "also" sì jẹ́ ọmọ ìyá rẹ̀. Bákan náà ni "than" àti "then" jẹ́ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo rí. Ó di nǹkan bí ọdún 1700 kí ọ̀nà ìkọ̀wé tó yà wọ́n sọ́tọ̀ pátápátá.

Àwọn òfin tí a fi ń ṣe ìdájọ́ ìwé ọmọ kò sì ti ọ̀run sọ̀kalẹ̀. Shakespeare, tí ó kú ní ọdún 1616, a máa fi "more" tàbí "most" ṣáájú ọ̀rọ̀ tí ó ti ní "-er" tàbí "-est" lára tẹ́lẹ̀. Ní ọdún 1762 ni Robert Lowth, ẹni tí ó di Bíṣọ́ọ̀bù London ní ọdún 1777, tẹ ìwé gírámà rẹ̀ jáde, tí ó sì ka irú àsọpọ̀ bẹ́ẹ̀ sí àìtọ́. Bí olùkọ́ òde òní bá fagi lé "more taller", òfin irú àwọn ọ̀mọ̀wé bẹ́ẹ̀ ni ó ń pa mọ́.

Ní tiwa ńkọ́? "Ga" kì í yí padà. Ọ̀rọ̀-ìṣe ni: "ó ga" ni a ń wí, a kì í wí pé "ó jẹ́ gíga". Nígbà tí a bá fẹ́ ṣe ìfiwéra, a ń pe ọ̀rọ̀ mìíràn wá ràn án lọ́wọ́. Mẹ́ta ni ó ṣe pàtàkì nínú wọn.

Èkínní ni "bí", tí í ṣe ti àfijọ. Ó pupa bí osùn. Ó dúdú bí ọ̀dà tí ń sun láti inú ilẹ̀ ní Àgbábù. Àwọn àgbà sì wí pé, "Ìgbà kò lọ bí òréré, ayé kò lọ bí ọ̀pá ìbọn." "Bí" ń sọ pé ohun méjì jọra, kò sọ pé a ti wọ̀n wọ́n, tí wọ́n sì dọ́gba.

Èkejì ni "tó", tí í ṣe ti ìwọ̀n. "Tó" yìí kan náà ni ó wà nínú òwe pé, "Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè." Láti dé ibì kan, láti kan ohun kan, ni ìtumọ̀ rẹ̀. Nítorí náà, ẹni tí ó wí pé "Òjó ga tó Àjàyí" ń wí pé gíga Òjó ti dé ibi tí ti Àjàyí dé.

Ẹ̀kẹta ni "jù", tí "lọ" sábà máa ń tẹ̀lé. "Ẹni tí ó ju ni lọ, ó lè ju ni nù." Láti kọjá ẹlòmíràn ni èyí. "Ó ga jù mí lọ" túmọ̀ sí pé ó ga, ó sì kọjá mi.

Ẹ kíyèsí i pé "as tall as" ti Gẹ̀ẹ́sì ń ru ẹrù "bí" àti "tó" pọ̀. Ọmọ tí ń ṣe ìtumọ̀ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ bi ara rẹ̀ léèrè pé: àfijọ ni, tàbí ìwọ̀n? "Ó ga bí ọ̀pẹ" jẹ́ ìyìn. "Ó ga tó ọ̀pẹ" jẹ́ irọ́. Bẹ́ẹ̀ ni "as" tí ó ṣáájú odidi gbólóhùn nílò ìṣọ́ra. "As I said" ni "gẹ́gẹ́ bí mo ti wí". "As he grew, he became wiser" ni "bí ó ti ń dàgbà ni ó ń gbọ́n sí i". Ṣùgbọ́n "young as he is" yàtọ̀, nítorí àtakò wà nínú rẹ̀: "bí ó tilẹ̀ jẹ́ ọmọdé".

Àwọn tí ó kọ́kọ́ kọ èdè wa sílẹ̀ mọ ìṣòro yìí. Samuel Ajayi Crowther, ọmọ Òṣogùn, tí a kó lẹ́rú ní ọdún 1821, tí a sì gbé sọ̀kalẹ̀ sí Freetown ní òmìnira ní ọdún 1822, tẹ ìwé ọ̀rọ̀ Yorùbá rẹ̀ jáde ní London ní ọdún 1843. Ó tún un ṣe, ó sì fẹ̀ ẹ́ ní ọdún 1852. A sọ ọ́ di Bíṣọ́ọ̀bù ní ọdún 1864, odidi Bíbélì Yorùbá sì parí ní ọdún 1884. Àwọn atúmọ̀ dé ibi tí a ti fi funfun wé sínòó, ohun tí ojú kò rí rí ní ilẹ̀ wa. Ní ibì kan, "òjò dídì" ni wọ́n pè é, wọ́n sì fi "bí" tiwa so ó mọ́ funfun. Ohun àjèjì ni wọ́n mú wọlé, ṣùgbọ́n ẹnu-ọ̀nà ilé wa ni wọ́n mú un gbà.

Àwa nìkan kọ́ ni a ń fi kíkọjá ṣe ìfiwéra. Àwọn Haúsá ní "fi", àwọn Ìgbò ní "ka", ìtumọ̀ wọn kò sì jìnnà sí ti "jù". Nígbà tí àwọn ènìyàn etí òkun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì bára wọn ṣòwò, "pass" ni ó gba iṣẹ́ náà. Títí di òní ni a ń gbọ́ ọ nínú Píjìn ti Nàìjíríà àti nínú Krio ti Freetown.

Ẹ wá wo ọmọ náà nísinsìnyí. Ọmọ Ìkálẹ̀ ni. Ẹ̀ka èdè rẹ̀ nílé máa ń fi "u" bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ níbi tí ti Ọ̀yọ́ ń fi "i" bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, Yorùbá Bíbélì ni ó ń gbọ́. Ní kíláàsì, Gẹ̀ẹ́sì ni. Ìlú Òkìtìpupa tí ó ń ná ọjà rẹ̀ ti fi ọ̀rọ̀ àpèjúwe sí inú orúkọ ara rẹ̀. Ọmọ yìí kò ba Gẹ̀ẹ́sì jẹ́ nítorí àìlọ́gbọ́n. Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni ó mú, ó sì tò ó gẹ́gẹ́ bí àwọn baba rẹ̀ ti ń to tiwọn láti ìgbà pípẹ́.

A kò wí pé kí olùkọ́ fi "tall pass me" sílẹ̀ nínú àròkọ. Ìdánwò ń bọ̀, "taller than" ni yóò sì gba máàkì níbẹ̀. Ohun tí a ń wí ni pé kí a kọ gbólóhùn méjèèjì sí ara pátákó, kí a fi "jù" sí àárín wọn, kí a sì fi ibi tí ọ̀nà ti pín hàn ọmọ. Ẹ̀kọ́ ni yóò fi gbà á, kì í ṣe ìtìjú.

Ohun tí àwa náà ṣe níkẹyìn nìyí. Níwájú kíláàsì kan náà ni a jẹ́wọ́ pé a ṣi ọmọ náà dá lẹ́jọ́, a sì ṣàlàyé ọ̀rọ̀ náà gẹ́gẹ́ bí a ti ṣe é níhìn-ín. Kò wí nǹkan kan lọ́jọ́ náà. Ní ọ̀sẹ̀ tí ó tẹ̀lé e, a bèèrè ẹni tí ó lè tú "as good as" sí Yorùbá. Ó nawọ́ sókè, ó ní, "Olùkọ́, ó dára bí ni, tàbí ó dára tó?" Inú wa dùn, nítorí ìbéèrè náà ju ìdáhùn lọ. Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, ni a fi dá Ilé-Ifẹ̀.