Ọdún Tí Igi Kú: Sátẹ́láìtì, Kòkòrò àti Iná Igbó ní Kánádà

Ní ìparí àwọn ọdún 1990, kòkòrò kan tí kò ju hóró ìrẹsì lọ ya bo igi páìnì ní British Columbia, ní ìwọ̀ oòrùn Kánádà. Kí ọwọ́ rẹ̀ tó rọ̀, ó ti kan igbó tó lé ní mílíọ̀nù 18 hẹ́kítà. Ní 2006, afẹ́fẹ́ gbé ọ̀pọ̀ rẹ̀ sọdá àwọn òkè Rocky sí Alberta, ó sì ti ibẹ̀ bọ́ sínú igbó àríwá tí iná ti mọ́ lára.

Àwọn tó ń gbára dì de iná sábà máa ń béèrè ibi tí igi ti kú. Ìyẹn ò tó. Ọdún tó kú ni kókó. Ní bí ọdún kan lẹ́yìn tí kòkòrò bá wọ abẹ́ èèpo, ewé á pọ́n rẹ́súrẹ́sú, á gbẹ, kò sì ní tíì já: iná á tètè ràn án. Ní bí ọdún mẹ́ta, ewé á ti rẹ̀ dànù, iná kò sì ní fi bẹ́ẹ̀ rí ohun jó lókè mọ́, àfi ìgbà tí ìtì bá wó lulẹ̀. Àwòrán ilẹ̀ tó kun gbogbo igi tó kú ní àwọ̀ kan náà ti da ewu méjì pọ̀.

Sátẹ́láìtì Landsat ti Amẹ́ríkà lè yà wọ́n sọ́tọ̀. Láti 1982 ló ti ń rí ìtànṣán kan tí ojú ènìyàn kò rí, tó máa ń yí padà bí omi bá ti ń gbẹ lára ewé. Ṣùgbọ́n ìṣirò tí wọ́n gbé ka ìtànṣán yìí, ojú ibi tí iná jó ni wọ́n kọ́kọ́ ṣe é fún. Iye rẹ̀ máa ń wálẹ̀ yálà iná ló jà tàbí kòkòrò. Iná á já a wálẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Kòkòrò á máa fà á wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀ láti ọdún dé ọdún. Láti 2008 tí àkójọ àwòrán náà ti di ọ̀fẹ́, kí ni àwáwí ẹni tó wo ọdún kan péré?

Síbẹ̀, igi tí kòkòrò ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ̀ ṣì tutù yọ̀yọ̀. Sátẹ́láìtì kò lè fọwọ́ sọ̀yà lórí rẹ̀. Ẹni tó fẹsẹ̀ rìn wọgbó ló ń rí oje tó dì mọ́ ara igi àti lẹ́búlẹ́bú igi nídìí rẹ̀. Ẹni tó bá gé owó irú òṣìṣẹ́ bẹ́ẹ̀ nítorí àwòrán ọ̀fẹ́ ti ṣi ìṣirò.

Ẹ̀sùn iná tí wọ́n ń kà sí kòkòrò lọ́rùn náà ti pọ̀ jù. Ìwádìí tí Hart àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé jáde ní 2015 lórí ìwọ̀ oòrùn Amẹ́ríkà fi hàn pé ibi tí kòkòrò yìí ti jẹ kò jó ju ibòmíràn lọ. Ọ̀gbẹlẹ̀ àti ooru ló ń pinnu bí ilẹ̀ tó jó ṣe máa pọ̀ tó.