Páìpù ẹ̀rọ amúlétutù: ẹ má ṣe fi ọ́síjìn dán an wò

Láti Ìbarà dé Òkè-Ìlewó ní Abẹ́òkúta, ilé tí wọ́n gbé ẹ̀rọ amúlétutù kọ́ sí lára kò lóǹkà. Páìpù bàbà méjì ló so èyí tó wà ní yàrá pọ̀ mọ́ èyí tó wà níta: tínńrín ń gbé gáàsì tó ti di omi wọlé, èyí tó nípọn ń dá a padà.

Ìdánwò páìpù wọ̀nyí ni ewu wà. Nàìtírójìn gbígbẹ nìkan ni kí oníṣẹ́ fi wò ó bóyá ó ń jò, kí rẹgulétọ̀ sì wà lẹ́nu sílíńdà. Ọ́síjìn àwọn wẹ́dà kò gbọdọ̀ débẹ̀: bó bá pàdé òróró inú kọ́mpúrẹ́sọ̀, ó lè bú gbàmù, kó sì pa oníṣẹ́. Pé òun ló wà nítòsí kì í ṣe àwáwí rárá.

Lẹ́yìn náà ni pọ́ǹpù yóò fa afẹ́fẹ́ àti ọ̀rinrin jáde, kí wọ́n tó ṣí gáàsì. Agbára R-410A ju ti R-22 àtijọ́ lọ ní nǹkan bí ìdá 60 nínú 100. Páìpù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kò lè gbà á. R-32 ní tirẹ̀ lè gbiná.