Bí Àwọn Ọ̀gá Ilé-Ẹ̀kọ́ Ṣe Kọ́ Iṣẹ́ Wọn ní Ilẹ̀ Okun

Kíkọ́ ni mímọ̀, bẹ́ẹ̀ ni àwọn àgbà wí. Ní Bùnú, kò sí obìnrin tí ó jókòó sí ìdí òfì ní ọjọ́ kan ṣoṣo tí ó sì hun aṣọ ipò, aṣọ pupa tí a fi ń yẹ́ òkú àwọn ènìyàn pàtàkì sí. Yóò kọ́kọ́ ran òwú, yóò jókòó ti ìyá rẹ̀, títí ojú àti ọwọ́ rẹ̀ yóò fi mọ iṣẹ́ náà. Ìdí òfì ní ìyá tí ń kọ́ni. Ìdí tábìlì hẹdimásítà ńkọ́? Ta ni ó kọ́ ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ ní iṣẹ́ ọ̀gá? Ìbéèrè yìí ni mo fẹ́ kí a fi ìtàn ilẹ̀ Okun yẹ̀ wò.

Àwọn tí a ń pè ní Okun ni Owé ní Kàbà, Yàgbà, Ìjùmú, Bùnú àti Ọ̀wọ́rọ̀. Ìkíni wọn, “Okun o,” ni ó di orúkọ wọn. Ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, àwọn ẹlẹ́ṣin Nupe láti Bídà kó wọn lẹ́rú lọ́pọ̀lọpọ̀. Ní oṣù kìíní 1897 ni àwọn ọmọ-ogun Royal Niger Company wọ Kàbà, kí wọ́n tó lọ ṣẹ́gun Bídà. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní 1900 ni a ta àsíá ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní Lọ́kọ́jà. Nítorí náà, nígbà tí ilé-ẹ̀kọ́ tàn dé àwọn ìlú Okun, àwọn òbí ibẹ̀ kò tíì gbàgbé ìgbà tí a ń kó ọmọ lọ tí a kì í sì í rí i mọ́. Láti fa ọmọ ẹni lé àlejò lọ́wọ́ láti àárọ̀ di ọ̀sán kì í ṣe ohun kékeré. Kí ọ̀gá tó kọ́ ọmọ ní ABD, ó ní láti jẹ́ ẹni tí ìyá ọmọ lè gbẹ́kẹ̀ lé.

Àwọn ìjọ Kristi ni wọ́n mú ilé-ẹ̀kọ́ wá. Ní Lọ́kọ́jà, Holy Trinity, tí ìtàn rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní 1865 ní àkókò Bíṣọ́ọ̀bù Crowther, ni a sábà máa ń kà sí ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ àkọ́kọ́ ní ìhà Àríwá. Ní 1908 ni Tommy Titcombe, ará Kánádà, dé Ẹ̀gbẹ̀ ní Yàgbà lábẹ́ ìjọ SIM. Orúkọ rẹ̀ ni a fi sọ Titcombe College tí a dá sílẹ̀ níbẹ̀ ní 1951. Àwọn Àgùdà pẹ̀lú kọ́ ilé-ẹ̀kọ́ ní Kàbà àti káàkiri. Ní ìbẹ̀rẹ̀, ẹni tí ń ka Bíbélì ní ọjọ́ ìsinmi náà ni ó ń lu aago ní ọjọ́ Ajé. Nígbà tí kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn olùkọ́ dé, a kọ́ àwọn ọ̀dọ́ bí a ti ń dúró níwájú kíláàsì. Ṣùgbọ́n dídúró níwájú kíláàsì kan yàtọ̀ sí dídúró fún ilé-ẹ̀kọ́ odidi.

Mo bi bàbá kan ní Ìjùmú, hẹdimásítà tí ó ti fẹ̀yìn tì, pé, “Bàbá, ta ni ó kọ́ yín ní iṣẹ́ ọ̀gá?” Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní ọ̀gá òun kò pe òun jókòó kọ́ ní ohunkóhun rí, ṣùgbọ́n kò sí iṣẹ́ tí ó ń ṣe tí kò rán òun nínú rẹ̀. Ilé rẹ̀ ni òun ń gbé. Ní ọdún kìíní, aago ni òun ń lù. Lẹ́yìn náà ó gbé ìwé orúkọ lé òun lọ́wọ́, lẹ́yìn náà owó ilé-ìwé, lẹ́yìn náà oko ilé-ẹ̀kọ́. Bí mánijà ìjọ bá ń bọ̀ wá yẹ ilé-ẹ̀kọ́ wò, òun ni ó ń to àwọn ìwé kalẹ̀.

Ní ọjọ́ kan, ó na ọmọ kan nítorí pé ó pẹ́ dé. Ọ̀gá rí i, kò wí nǹkan kan. Ní ìrọ̀lẹ́, ó ní kí àwọn jọ rìn jáde. Ilé ọmọ náà ni wọ́n dé. Ìyá rẹ̀ wà lórí àìsàn; ọmọ náà ni ó ń pọnmi tí ó sì ń dáná kí ó tó wá sí ilé-ìwé. Ọ̀gá kí ìyá náà dáadáa, ó jẹ́ kí ó sọ̀rọ̀ tán, wọ́n sì padà sílé láìsí ìbáwí kankan. Bàbá ní, “Ọjọ́ náà ni mo di ọ̀gá, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ku ọdún mẹ́sàn-án kí wọ́n tó fún mi ní ilé-ẹ̀kọ́.”

Èmi tí mò ń kọ́ nípa èdè tún rí ẹ̀kọ́ kan tí kò sí nínú ìwé-ẹ̀rí kankan. Ọmọ Okun gbọ́ Owé tàbí Yàgbà láti ẹnu ìyá rẹ̀. Ó dé ilé-ẹ̀kọ́, ó bá Yorùbá inú Bíbélì àti ti Aláwìyé J. F. Ọdúnjọ; Gẹ̀ẹ́sì tẹ̀ lé e; nítorí pé ìhà Àríwá ni Kàbà wà, ó sì tún gbọ́ Haúsá lẹ́nu àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba. Ọ̀gá tí ó bá pe èdè ilé ọmọ ní èdè àìmọ̀wé ti lé ọmọ náà lọ kí ó tó kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀. Àwọn ọ̀gá rere ń fi èdè ilé bẹ̀rẹ̀, wọ́n sì fi í ṣe afárá.

Ààlà ìjọba tún fi kún ẹrù wọn. Ní oṣù kìíní 1955, ìjọba Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní Ìwọ̀-Oòrùn. Iye ọmọ ilé-ìwé fò láti nǹkan bí 457,000 sí 811,000. Èkìtì àti Àkókó, aládùúgbò Okun, jẹ nínú rẹ̀. Ọmọ Okun kò jẹ. Hẹdimásítà ilẹ̀ Okun ní láti máa bẹ òbí kí ó rántí owó ilé-ìwé, nígbà tí ìbátan òbí náà ní òdì-kejì ààlà kò san kọ́bọ̀.

Ní oṣù kẹsàn-án 1976, ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ kárí Nàìjíríà. Nǹkan bí 2,300,000 ọmọ ni ìjọba ń retí. Nǹkan bí 3,000,000 ni ó dé. Ilé-ẹ̀kọ́ hù bí olú, olúkúlùkù sì fẹ́ ọ̀gá. Níbi yìí ni okùn náà ti já: ẹni tí ó yẹ kí ó ṣì máa rìn lẹ́yìn ọ̀gá ni a gbé kọ́kọ́rọ́ lé lọ́wọ́. Òtítọ́ ni pé Ìjọba Àpapọ̀ dá NIEPA sílẹ̀ ní Oǹdó ní 1992 láti máa kọ́ àwọn alákòóso ẹ̀kọ́. Ṣùgbọ́n Oǹdó jìn sí ọ̀pọ̀ abúlé.

Ẹnìkan lè wí pé ìwé-ẹ̀rí àtijọ́ kéré, pé Grade II ti kọjá lọ, NCE àti dìgírì sì ti dé. Mo gbà. Èmi kò sọ pé kí ọ̀dọ́ olùkọ́ tún máa pọnmi fún ọ̀gá. Ọ̀pọ̀ ni a fi irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ rẹ́ jẹ. Ohun tí mò ń wí ni pé kí a tó fi ẹnikẹ́ni ṣe ọ̀gá, kí ó kọ́kọ́ lo ọdún kan lẹ́yìn ọ̀gá rere: kí ó tọ́jú ìwé, kí ó ṣírò owó, kí ó sì bá a dé ilé ọmọ tí ń pẹ́ dé. Púpọ̀ nínú wa tí ń ka ìwé yìí yóò di olùkọ́ lọ́la. Bí a bá fún wa ní kọ́kọ́rọ́ láìpẹ́ jọjọ, ẹ jẹ́ kí a wá bàbá kan bí tèmi tí a lè bi léèrè, nígbà tí wọ́n ṣì wà.