Ẹgbẹ́ àti Òògùn Olóró: Bí A Ti Ń Dá Àwọn Ọ̀dọ́ Lẹ́kun Igbó Mímu ní Nàìjíríà

Ìfáárà

Ohun tí a fẹ́ yẹ̀ wò nínú iṣẹ́ yìí ni ọ̀nà tí a ti gbà, láti nǹkan bí ọgọ́rin ọdún sẹ́yìn, láti dá àwọn ọ̀dọ́ ilẹ̀ wa lẹ́kun òògùn olóró, pàápàá jù lọ igbó. A kì í ṣe oníṣègùn, nítorí náà a kò ní í sọ̀rọ̀ lórí ohun tí igbó ń ṣe nínú ọpọlọ. Ọ̀rọ̀ ìtàn ni tiwa. Ìbéèrè tí ó wà níwájú wa ni èyí: nígbà tí gbogbo ènìyàn gbà pé ọ̀dọ̀ ẹgbẹ́ ni ọmọ ti ń kọ́ igbó mímu, kí ló dé tí ó fi jẹ́ ọ̀dọ̀ ọlọ́pàá àti adájọ́ ni a sáré lọ láti wá àtúnṣe, tí a kò sì yẹ ẹgbẹ́ fúnra rẹ̀ wò?

Àwọn àgbà wa bọ̀, wọ́n ní àgùntàn tí ó bá ajá rìn yóò jẹ ìgbẹ́. Ìkìlọ̀ ni a fi ń pa òwe yìí fún ọmọdé, ṣùgbọ́n apá kan rẹ̀ ni à ń lò. Bí ìrìn bá lè mú kí àgùntàn jẹ ohun tí kì í jẹ, a jẹ́ pé ìrìn ní agbára, agbára náà kò sì mọ ire yàtọ̀ sí ibi. Lójú tiwa, àwọn tí ó para pọ̀ di ẹgbẹ́, àti ọ̀nà tí wọ́n gbà wọ inú rẹ̀, ni ó ń sọ ibi tí agbára yìí yóò kọjú sí.

Igbó àti Òfin

Ìtàn tí a sábà ń gbọ́ ni pé àwọn ọmọ ogun wa tí wọ́n jà ní Bọ́mà nígbà Ogun Àgbáyé Kejì ni wọ́n mú irúgbìn igbó bọ̀ wálé. Òótọ́ wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n kò yẹ kí a di gbogbo ẹrù náà lé àwọn ṣójà lórí. Èbúté Èkó ti wà tipẹ́, àwọn atukọ̀ ń wọlé, wọ́n ń jáde. Ìjọba amúnisìn pàápàá ti ṣe òfin lórí òògùn eléwu ní 1935, kí ogun náà tó bẹ́ sílẹ̀. Èyí ó wù kí ó jẹ́, nígbà tí ó fi máa di 1960, igbó kì í ṣe àjèjì mọ́ ní àwọn ìlú ńláńlá.

Ní ilé-ìwòsàn Àrò ní Abẹ́òkúta, níbi tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Adéoyè Lambo ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ìtọ́jú tí ó sọ ọ́ di olókìkí ní 1954, a bẹ̀rẹ̀ sí í rí àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n mu igbó tí orí wọn sì dàrú. Tọ̀láni Asuni kọ̀wé lórí ọ̀rọ̀ náà ní 1964, Lambo sì kọ tirẹ̀ ní 1965, àwọn méjèèjì nínú ìwé àtìgbàdégbà tí Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ń tẹ̀ lórí òògùn olóró. Ohun tí ó yẹ kí òpìtàn ṣàkíyèsí ni pé wọn kò sọ̀rọ̀ igbó bí ẹni pé ewé lásán ni. Wọ́n so ó mọ́ ìyípadà tí ó dé bá àwùjọ, mọ́ ìlú ńlá àti àwọn ọ̀dọ́ tí okùn ẹbí kò tún dì mú mọ́.

Ìjọba ológun kò gba ọ̀nà yìí. Òfin igbó ti 1966 sọ pé ikú tàbí ẹ̀wọ̀n ọdún 21 ni fún ẹni tí ó bá gbìn ín, ẹni tí ó kàn mu ún pàápàá yóò sì pẹ́ lẹ́wọ̀n. Ní 1975 ni wọ́n yọ ikú kúrò, tí wọ́n dín ìyà ẹni tí ó mu ún kù sí ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà tàbí owó ìtanràn. Fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún 17, ẹgba wà lára ìyà tí òfin náà là sílẹ̀. Kò pẹ́ tí ìkanra náà tún padà dé. Ní oṣù kẹrin 1985, wọ́n yìnbọn pa ọkùnrin mẹ́ta ní Èkó lábẹ́ Òfin 20 ti 1984 nítorí òwò òògùn olóró. A sì ti mú ọ̀kan nínú wọn kí òfin tí ó pa á tó jáde. Ariwo ta nílé lóko. Ní 1986 wọ́n tún yọ ikú kúrò, ní 1989 wọ́n sì dá àjọ NDLEA sílẹ̀.

Kí ni a rí jẹ nínú gbogbo rẹ̀? Ìwádìí tí a ṣe jákèjádò orílẹ̀-èdè ní 2018 fi hàn pé nǹkan bí mílíọ̀nù 14.3 ènìyàn, láàárín ẹni ọdún 15 sí 64, ni wọ́n ti lo òògùn olóró tàbí ṣi òògùn lò láàárín ọdún kan, láìka ọtí àti tábà mọ́ ọn. Ní ìwọ̀-oòrùn gúúsù, ibi tí àwa wà, ìdá 22.4 nínú ọgọ́rùn-ún ni. Ọdún náà gan-an ni ìjọba fòfin de òògùn ikọ́ tí ó ní kódéènì nínú.

Bí ọmọ ṣe ń dé ìdí rẹ̀ kò ṣòro láti mọ̀. Ní 1960, Raymond Prince kọ̀wé lórí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa tí ìwé kíkà ń sọ di aláìsàn, tí orí ń ta wọ́n, tí ojú wọn kì í gba ìwé mọ́. Ẹni tí ó bá ti gbé ilé-ìwé tí àwọn ọmọ ń sùn sí rí mọ ohun tí ó máa ń tẹ̀ lé e. Obì ni a kọ́kọ́ ń jẹ kí oorun má baà kùn wá. Bí ìdánwò bá ku ọ̀sẹ̀ kan, ẹnì kan yóò na òògùn kóró kan sí ọ̀rẹ́ rẹ̀ lábẹ́ tábìlì. Kì í ṣe ọ̀daràn ni ó na án sí i. Ọ̀rẹ́ tí ó fẹ́ kí ó yege ni.

Ẹgbẹ́ Láyé Àtijọ́

Kò sí apá ibi tí ẹgbẹ́ kò sí ní ilẹ̀ Yorùbá, ṣùgbọ́n Ìjẹ̀bú ni a ó fi ṣe àpẹẹrẹ, nítorí pé ètò ti ibẹ̀ ṣe kedere. Régbérégbé ni wọ́n ń pe ẹgbẹ́ ọlọ́jọ́-orí níbẹ̀. Àwọn tí a bí láàárín nǹkan bí ọdún mẹ́ta síra wọn ni wọ́n ń wà nínú ọ̀kan. Ọmọ olówó àti ọmọ tálákà, ọmọ jẹ́jẹ́ àti ọmọ ipá, inú ẹgbẹ́ kan náà ni. Ẹnikẹ́ni kì í yan ọmọ sí i, ẹnikẹ́ni kì í sì í lé e jáde nítorí pé kò gbọ́ràn. Ọdún tí ìyá rẹ̀ bí i ni ó mú un wọlé.

Ibi tí agbára ẹgbẹ́ ti wá nìyí. Níbi tí a bá ti ń bá ara wa ṣe àáró àti ọ̀wẹ̀, ẹni tí ọtí bá ń pa káàkiri yóò wá ọwọ́ tì nígbà tí oko rẹ̀ bá kún. Bí ó bá dójú ti ẹgbẹ́, owó ìtanràn wà, orin ẹ̀fẹ̀ sì wà, èyí tí ó ń dunni ju ẹgba lọ. Bàbá ẹgbẹ́ àti ìyá ẹgbẹ́ ń wò wọ́n lókèèrè. Ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí a tan ara wa: ẹmu kì í wọ́n níbi ìpàdé wọn, ẹgbẹ́ mìíràn sì wà tí ìjà nìkan ni ó mọ̀. Ohun tí a ń sọ ni pé ẹni tí ó fẹ́ ṣìnà kò rí ibi tí àwọn bíi tirẹ̀ nìkan pé sí.

Nígbà tí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn ní 1955, kíláàsì gba ipò ẹgbẹ́. Ohun rere ni ẹ̀kọ́ náà, kò sí àríyànjiyàn níbẹ̀. Ṣùgbọ́n kíláàsì ń lé ọmọ sílẹ̀, régbérégbé kì í lé e. Ọmọ tí kò yege, tàbí tí owó ilé-ìwé gíga kò sí fún, gba Ìbàdàn tàbí Èkó lọ, ó sì bá àwọn bíi tirẹ̀ ní ibùdókọ̀, ẹgbẹ́ mìíràn sì gbà á.

Ẹ̀rí Láti Òkèèrè

Kí a lè mọ̀ bóyá ohun tí a sọ nípa àkópọ̀ ẹgbẹ́ fìdí múlẹ̀, ó yẹ kí a wo ibi tí wọ́n ti fi ẹgbẹ́ dánra wò, tí wọ́n sì kọ àbájáde rẹ̀ sílẹ̀. Amẹ́ríkà ni a ti rí méjì tí ó bá ọ̀rọ̀ wa mu.

Ní Cambridge àti Somerville ní ìpínlẹ̀ Massachusetts, iṣẹ́ kan bẹ̀rẹ̀ ní 1939 lórí 506 ọmọkùnrin. Wọ́n ran ìdajì wọn lọ́wọ́ fún ọdún bíi mélòó kan: olùtọ́nisọ́nà ń bẹ̀ wọ́n wò, a ń kọ́ wọn níwèé, a sì ń kó àwọn kan lọ sí ibùdó ìsinmi nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Joan McCord wá wọn kàn lẹ́yìn ọgbọ̀n ọdún, ó sì tẹ àbájáde rẹ̀ jáde ní 1978. Àwọn tí a ràn lọ́wọ́ kò sàn ju àwọn yòókù lọ. Ní àwọn ọ̀nà kan, wọ́n burú jù wọ́n lọ. Nígbà tí òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tún ọ̀rọ̀ náà gbé yẹ̀ wò ní 1999, ìpalára náà hàn jù lọ lára àwọn tí a kó lọ sí ibùdó ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Ó jọ pé kíkó tí a kó àwọn ọmọ pọ̀ sójú kan ti sọ wọ́n di olùkọ́ ara wọn.

Ní California, ọ̀nà mìíràn ni Alfred McAlister àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbà. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àgbà ni wọ́n kọ́, tí àwọn yẹn sì wọ kíláàsì àwọn àbúrò wọn lọ láti kọ́ gbogbo wọn, láìyọ ẹnikẹ́ni sílẹ̀, bí a ṣe ń kọ sìgá nígbà tí ọ̀rẹ́ bá fi lọni. Nínú ìròyìn tí wọ́n tẹ̀ ní 1980, àwọn tí ó bẹ̀rẹ̀ sìgá mímu kéré sí ti ilé-ìwé tí wọn kò ti ṣe é, ọtí àti igbó náà sì dín kù. Gbogbo kíláàsì ni, kì í ṣe àwọn tí a fura sí.

Ẹgbẹ́ tí a ń dá sílẹ̀ ní ilé-ìwé girama wa lónìí láti gbógun ti òògùn olóró jọ ti California ní ojú, ṣùgbọ́n ó yẹ kí a wo bí a ṣe ń mú ọmọ wọ inú rẹ̀. Níbi tí olùkọ́ bá ti ń yàn wọ́n, olórí kíláàsì ni yóò mú, àti ọmọ tí aṣọ rẹ̀ ń mọ́, àti ọmọ tí ó mọ ọ̀rọ̀ sọ bí àlejò bá dé. Ọmọ tí ó ń jókòó sí ẹ̀yìn pátápátá, tí ó ti ń pẹ́ kí ó tó délé láti ìgbà tí sáà bẹ̀rẹ̀, kò sí nínú wọn. Bí ó bá sì wá débẹ̀, a ti mú un, ìyà ni ó bá dé ibẹ̀, àwọn tí ìyà sì kó jọ ni yóò bá níbẹ̀. Régbérégbé ìgbà yìí fúnra rẹ̀, tí gbogbo ayé ń wò ní Ojúde Ọba lẹ́yìn Iléyá, ti di ti àwọn tí apá wọn ká aṣọ ẹgbẹ́. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún tí kò ní owó aṣọ kò tíì rí ẹni tí yóò fi ọdún tí a bí i nìkan mú un wọlé, àfi àwọn tí wọ́n dúró ní ẹ̀yìn ilé epo nírọ̀lẹ́, tí wọn kì í bèèrè ohunkóhun lọ́wọ́ rẹ̀ ní ọjọ́ àkọ́kọ́.