Orin Ska àti Háíláìfù: Ìtàn àti Ìró Wọn

Ìfáárà

Ní ọjọ́ kan, nígbà tí mo ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi ní ẹ̀kọ́ nípa orin ní ilé-ẹ̀kọ́ girama kan ní agbègbè Ìkọ̀lé-Èkìtì, mo kọ ọ́ sára pátákó pé orin àjèjì ni háíláìfù. Akẹ́kọ̀ọ́ kan nawọ́ sókè, ó ní, ‘Ẹ jọ̀ọ́ sà, ṣebí ará Ìjẹ̀ṣà-Iṣu ni Victor Ọláìyá. Ṣé àjèjì ni òun náà?’ N kò rí èsì fọ̀ ní ọjọ́ náà. Àròkọ yìí ni èsì mi.

Ìtàn

Ní etíkun Gánà ni háíláìfù ti ṣẹ̀. Nígbà ogun tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì bá àwọn Àṣáńtì jà ní 1873 sí 1874, wọ́n kó àwọn ọmọ-ogun aláwọ̀ dúdú wá sí Cape Coast àti Elmina láti àwọn erékùṣù tí Jàmáíkà wà lára wọn. Àwọn wọ̀nyí a máa fi fèrè idẹ fọn orin ìlú tiwọn. Àwọn Fáńtì gbọ́ ọ, wọ́n kọ́ ọ, wọ́n sì fi ìlù tiwọn sí i. Láti inú irú orin bẹ́ẹ̀ ni háíláìfù ti jáde ní nǹkan bí ọdún 1920. Àwọn tí kò lówó ìwọlé, tí wọ́n ń wòran lóde ilé ijó, ni ó sọ ọ́ ní háíláìfù, èyí tí ó túmọ̀ sí ayé àwọn ọlọ́lá. Ẹgbẹ́ E. T. Mensah gbé e dé Èkó ní nǹkan bí ọdún 1950.

Kàlàbá ni a bí Ọláìyá sí ní 1930, ṣùgbọ́n Ìjẹ̀ṣà-Iṣu ni àwọn òbí rẹ̀ ti wá. Lẹ́yìn tí ó yege nínú ìdánwò ìwé mẹ́wàá ní 1951, Yunifásítì Howard ní Amẹ́ríkà gbà á láti kọ́ iṣẹ́ ẹnjiníà. Kò lọ, fèrè ni ó yàn, inú àwọn òbí rẹ̀ kò sì dùn sí i. Ó bá Bobby Benson ṣeré, ó sì dá ẹgbẹ́ Cool Cats sílẹ̀ ní 1954. Ẹgbẹ́ yìí ni ó ṣeré fún Ọbabìnrin Gẹ̀ẹ́sì ní 1956 àti níbi ayẹyẹ òmìnira ní 1960. Fẹlá àti Tony Allen kọjá lábẹ́ rẹ̀. Ó kú ní 2020.

Ní nǹkan bí ọdún 1960 kan náà ni ska jáde ní Jàmáíkà, láti inú orin mẹ́ńtò tiwọn àti orin aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà. Ilé-ẹ̀kọ́ Alpha ní Kingston, tí àwọn obìnrin ajẹ́jẹ̀ẹ́ ìjọ Kátólíìkì ń darí, ni Don Drummond àti púpọ̀ nínú àwọn afọnfèrè ska ti kọ́ṣẹ́. Jàmáíkà gba òmìnira ní 1962. Ẹgbẹ́ Skatalites bẹ̀rẹ̀ ní 1964. Orin òmìnira ni méjèèjì.

Ìró wọn

Bí a bá ka oókan, eéjì, ẹẹ́ta, ẹẹ́rin, jìtá àti dùùrù ska kì í bọ́ sórí ònkà. Àárín ònkà kan sí èkejì ni wọ́n ń já sí, wọn a sì dákẹ́ kíá. Èyí ni ó ń mú kí ara oníjó máa ta. Háíláìfù ń lo fèrè idẹ bákan náà, ṣùgbọ́n kì í kánjú tó bẹ́ẹ̀. Agogo tàbí igi méjì tí a ń lù pọ̀ a máa sọ ohun kan náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Òun ni ìlù, jìtá àti fèrè rọ̀ mọ́. Etí tí ó ti mọ agogo ilẹ̀ wa kò lè ṣàjèjì sí i.

Nígbà tí Ọláìyá bá fi Yorùbá kọrin, ohùn ọ̀rọ̀ ni ó ń darí orin. Ọkọ, ọkọ́ àti ọkọ̀ kì í ṣe ọ̀kan náà. Bí akọrin bá gbé ohùn sókè níbi tí ó yẹ kí ó wálẹ̀, ohun mìíràn ni yóò sọ. Fèrè pàápàá a máa gba orin náà lẹ́nu akọrin.

Ìkádìí

Ó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ tí yóò dáhùn ìbéèrè lórí irú orin báyìí wádìí nǹkan mẹ́ta: ibi tí ohun èlò ti wá, ẹni tí ó ni ìlù, àti èdè tí ó ń darí ohùn. Fèrè idẹ jẹ́ àjèjì lóòótọ́. Ṣùgbọ́n orin tí ọmọ Ìjẹ̀ṣà-Iṣu fi fèrè náà kọ, tiwa ni. Mo ti padà sí kíláàsì náà, mo sì ti nu ohun tí mo kọ sára pátákó kúrò.