Fìlà Àwọn Bíṣọ́ọ̀bù Ìjọ Àgùdà

Ní Ìkòròdú àti ní Ẹ̀pẹ́, ọkùnrin tí ó bá wọ ilé Ọlọ́run a ṣí fìlà rẹ̀ kí ó tó jókòó, ìbáà ṣe olówó, ìbáà ṣe tálákà. Bí Bíṣọ́ọ̀bù ìjọ Àgùdà bá wá wọlé ti òun ti fìlà gíga lórí, kò yẹ kí ó yà wá lẹ́nu bí àwọn ọmọ ilé-ìwé bá bi wá léèrè ìdí rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a wá ìdáhùn nínú ìtàn.

Àwọn mìíràn rò pé láti ọ̀dọ̀ Árónì ni fìlà yìí ti wá. Kò rí bẹ́ẹ̀. Àwọn Àpósítélì kò dé e rí. Ní Róòmù ni ó ti bẹ̀rẹ̀, ó funfun, ó sì rí ṣóńṣó. Ní ọdún 1049, Póòpù Leo Kẹsàn-án fi í fún Eberhard, Bíṣọ́ọ̀bù Àgbà ìlú Trier ní ilẹ̀ Jámánì, gẹ́gẹ́ bí ẹ̀bùn ọlá. Lẹ́yìn èyí ni ó tàn kálẹ̀. Kò pẹ́ tí a fi tẹ àárín rẹ̀ wọnú, tí ó fi yọ ìwo méjì, ọ̀kan lápá ọ̀tún, ọ̀kan lápá òsì. Kí ọdún 1200 tó pé, a ti yí i padà, tí ìwo kan fi wà níwájú tí èkejì sì wà lẹ́yìn, bí a ti ń rí i títí di òní. Lẹ́yìn náà ni a bẹ̀rẹ̀ sí fi wúrà àti òkúta iyebíye ṣe é lọ́ṣọ̀ọ́, ó sì ń ga sí i títí ó fi dàbí ilé ìṣọ́.

Ṣùgbọ́n nígbà tí a fi Samuel Ajayi Crowther jẹ Bíṣọ́ọ̀bù ní Canterbury ní ọdún 1864, kò dé irú fìlà bẹ́ẹ̀, nítorí àwọn Bíṣọ́ọ̀bù ìjọ Gẹ̀ẹ́sì kì í dé e nínú ìsìn nígbà náà. Èyí kò sì dín iṣẹ́ rẹ̀ kù.

Ní ọ̀dọ̀ àwọn Àgùdà pàápàá, ọ̀ṣọ́ ti dínkù. Ní ọdún 1964, Póòpù Paul Kẹfà gbé adé alágbékà mẹ́ta rẹ̀ kalẹ̀ lórí pẹpẹ nítorí àwọn tálákà. Ní ọdún 1969, a fi òpin sí fìlà pupa fífẹ̀ tí àwọn Kádínà ti ń gbà láti ọdún 1245. Nítorí náà, nígbà tí Anthony Olubunmi Okogie, Bíṣọ́ọ̀bù Àgbà Èkó, tí Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́ wà lábẹ́ àbójútó rẹ̀, di Kádínà ní ọdún 2003, fìlà pupa kékeré onígun ni ó gbà.

Kí ni kí a wá sọ fún àwọn ọmọ wa? Kí wọ́n ṣọ́ Bíṣọ́ọ̀bù náà dáradára. Bí ó bá jókòó, tàbí bí ó bá ń súre fún ìjọ, fìlà a wà lórí rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ó bá ń gba àdúrà ńlá ti Oúnjẹ Olúwa, a ṣí i kúrò. Òun náà, bí tiwa, kì í dé fìlà bá Ọlọ́run sọ̀rọ̀. Ọwọ́ ènìyàn ni ó gùn fìlà náà, ọwọ́ ènìyàn náà ni ó sì gé e kúrú. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ọmọ ìjọ kan torí rẹ̀ kẹ́gàn ọmọ ìjọ kejì.